Láti orí tábìlì bọ́ sójú fóònù: géèmù ogun orí òkè tí à ń kọ ní Kàbà

Géèmù yìí ti wà tipẹ́ kí n tó ronú kọ̀ǹpútà sí i. Orí tábìlì lèmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń ta á ní Kàbà: ọmọ ogun kéékèèké tí a fi amọ̀ mọ, tí a lẹ̀ mọ́ pákó pẹlẹbẹ, òkè tí a fi fóòmù gé, okùn aláwọ̀ búlúù tó dúró fún odò. Ẹlẹ́ṣin wà lápá kan, àwọn ará ìlú tó sá gun orí àpáta wà lápá kejì. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Okun, láti Ìyàrà dé Mọ̀pà dé Ìsánlú, kò ní bi wá ìdí rẹ̀. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Tápà láti Bídà ń wá kó èèyàn lẹ́rú, orí òkè ni ọ̀pọ̀ ìlú wa gbà lọ, torí pé ẹṣin kì í gun àpáta. Òfin àkọ́kọ́ nínú géèmù wa nìyẹn. Òun náà ló gba iṣẹ́ jù lọ́wọ́ mi nígbà tí mo fẹ́ sọ ọ́ di kóòdù.

Òfin tó wà nínú ìwé àti èyí tó wà lẹ́nu

Tábìlì wa gùn ní 120 sẹ̀ǹtímítà, ó fẹ̀ ní 90. Ẹlẹ́ṣin ń rìn 20 sẹ̀ǹtímítà lórí ilẹ̀ títẹ́jú nígbà tó bá kàn án, ẹlẹ́sẹ̀ ń rìn 10, ọfà ń dé 15. Téèpù télọ̀ la fi ń wọ̀n ọ́n. Dáìsì lúdò méjì ló ń dá ìjà. Òfin wa kò ju ojú ìwé méjì lọ, ṣùgbọ́n èyí tó wà lẹ́nu rẹfirí wa pọ̀ ju èyí tó wà nínú ìwé lọ fíìfíì.

Ẹ̀gbọ́n là ń pe rẹfirí yìí. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, wọn kì í sì í ta géèmù náà fúnra wọn. Wọn á kàn jókòó sápá kan tábìlì, wọn á máa parí aáwọ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe yìí kì í ṣe tuntun. Nínú Kriegsspiel, géèmù ogun tí Reisswitz gbé jáde fún àwọn ọ̀gágun Prussia ní 1824, rẹfirí kan wà láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì. Máàpù ibẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú 8000, ìṣẹ́jú méjì ogun gidi sì ni ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá kan èèyàn dúró fún. Ní 1876, ọ̀gágun Prussia kan, Verdy du Vernois, fa ọ̀pọ̀ òfin yẹn tì, ó ní kí rẹfirí máa fi ìmọ̀ ara rẹ̀ dájọ́. Bí tiwa náà ṣe rí nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnì kankan nínú wa gbọ́ orúkọ Verdy rí nígbà tí a bẹ̀rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà kò ní ìmọ̀ ara rẹ̀ tó lè fi dájọ́. Torí náà, kí n tó kọ kóòdù kankan, mo mú ìwé kékeré, mo jókòó ti Ẹ̀gbọ́n, mo ń kọ ìbéèrè tí wọ́n bá bi wọ́n sílẹ̀ àti èsì tí wọ́n bá fún un. Ṣé ọfà mi dé ibẹ̀? Ṣé ó rí mi láti ẹ̀yìn òkè yẹn? Mo ti gbé e o, ṣé mo lè dá a padà? Ta ló kọ́kọ́ kọlu ta? Ìwé kékeré yẹn ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí mo kọ lẹ́yìn náà. Ẹ̀yin tó bá ní irú géèmù báyìí lórí tábìlì tí ẹ sì fẹ́ gbé e sórí kọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí àwòrán. Ẹnu ẹni tó ń parí ìjà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Godot, ohun èlò tí wọ́n fi ń ṣe géèmù lórí kọ̀ǹpútà, ni mo fi ń kọ ọ́. Ọ̀fẹ́ ni, wọ́n ti ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti 2014, kì í ni láptọ́ọ̀pù àtijọ́ lára, ó sì lè gbé géèmù jáde fún fóònù Android. Ìyẹn ṣe pàtàkì, torí fóònù ló wà lọ́wọ́ gbogbo wa.

A fi téèpù sílẹ̀

Kọ̀ǹpútà lè wọn ọ̀nà dé ibi tó bá wù ú láìsí pé a pín pápá sí ilé ilé. Mo dán ìyẹn wò. Lójú fóònù, ìka èèyàn tóbi ju ìyàtọ̀ tó wà láàárín 14 sẹ̀ǹtímítà àti 15 lọ, olúwarẹ̀ kò sì ní mọ̀ bóyá òun dé ibi tí òun fẹ́ tàbí òun kò dé e. La bá pín pápá sí ilé. Onígun mẹ́rin ìbá rọrùn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba igun kọjá nínú rẹ̀ ti rìn ìlọ́po 1.41 ohun tí ẹni tó lọ tààrà rìn. Nínú onígun mẹ́fà, ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó yí ọ ká jìnnà sí ọ bákan náà. Òun la mú.

Ilé kọ̀ọ̀kan jẹ́ 5 sẹ̀ǹtímítà láti àárín dé àárín. 20 tí ẹlẹ́ṣin ń rìn wá di ilé 4, 10 ẹlẹ́sẹ̀ di 2, 15 ọfà di 3. Gígùn tábìlì gba ilé 24. Ní ti ìbú, àwọn ìlà ilé onígun mẹ́fà máa ń wọnú ara wọn, àlàfo láti ìlà kan sí èkejì sì jẹ́ 4.33 sẹ̀ǹtímítà, 90 gba ìlà 20. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ilé 480. Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo rí i pé gbogbo nọ́ńbà òfin wa pín sí 5 láìṣẹ́ kù.

Nọ́ńbà méjì ni ilé kọ̀ọ̀kan ń jẹ́, q àti r. Láti mọ bí ilé kan ṣe jìnnà sí òmíràn, ẹ yọ q kan kúrò nínú èkejì, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún r, kí ẹ ro èsì méjèèjì pọ̀ kó di ẹ̀kẹta. Ẹ gbójú fo àmì ìyọkúrò, ẹ ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹ pín in sí méjì. Láti (2, 3) dé (5, 1), a ní 3, a ní −2, a ní 1. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 6, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 3. Ọfà dé ibẹ̀.

```
func jijina(a: Vector2i, b: Vector2i) -> int:
    var q = b.x - a.x
    var r = b.y - a.y
    return (abs(q) + abs(r) + abs(q + r)) / 2
```

Ohun kan wà tí a pàdánù níbi téèpù yìí, ó sì dùn mí. Lórí tábìlì, o gbọ́dọ̀ sọ pé ò ń ta ọfà kí o tó wọn ọ̀nà. Ojú rẹ nìkan lo gbẹ́kẹ̀ lé, ẹni tí ojú rẹ̀ bá já fáfá sì ní àǹfààní tó tọ́ sí i. Nínú ilé onígun mẹ́fà, ọmọdé lè ka ilé mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n ló ní kí n má jẹ́ kí iyèméjì yẹn ṣòfò: ọfà tí a ta sí ilé kẹta nílò dáìsì tó ga ju èyí tí a ta sí ilé àkọ́kọ́ lọ. Ojú kò wọn nǹkan kan mọ́, ṣùgbọ́n ọkàn ṣì ń rò ó kó tó ta á.

Ẹṣin kì í gun àpáta

Nínú kóòdù, gbólóhùn yìí dà bí ohun tí kò le. Ilẹ̀ títẹ́jú ń gba 1 nínú agbára ìrìn, oko àti igbó ń gba 2, àpáta ń gba 2 lọ́wọ́ ẹlẹ́sẹ̀, ó sì tì pa fún ẹṣin. Kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ láti ilé tí ọmọ ogun wà, á máa tàn ká síta, á máa yọ owó ilé kọ̀ọ̀kan, ilé tó bá dé kí agbára tó tán lá tàn yòò lójú fóònù. Dijkstra ni wọ́n ń pe ọ̀nà ìṣirò yìí, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ irú géèmù yìí ló ń lò ó.

Àmọ́ níbo ni àpáta ti bẹ̀rẹ̀? Lórí tábìlì, pákó ẹlẹ́ṣin máa ń gun etí fóòmù díẹ̀, á dúró síbẹ̀ ní ìtẹ̀gbẹ́, Ẹ̀gbọ́n á sì wò ó. Mo gbé láptọ́ọ̀pù lọ bá wọn.

“Àbúrò, ta ló sọ fún kọ̀ǹpútà pé ẹsẹ̀ ẹṣin kan lórí àpáta ti tó?”

“Ẹ̀gbọ́n, kò tíì sí ẹni tó sọ fún un. Ohun tí mo wá bi yín nìyẹn.”

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní àwọn kì í wo pákó rárá, pé ohun tí àwọn ń wò ni bóyá ọ̀kọ̀ ẹni tó wà nísàlẹ̀ lè kan ẹni tó wà lókè. Mo ti jókòó ti tábìlì yẹn tipẹ́, mi ò sì mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń rò nìyẹn. A wá pín òkè sí ìpele mẹ́ta: ilẹ̀, ìdí òkè, orí òkè. Ẹṣin lè wọ ìdí òkè, ó ń gba 3 lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lè bá ẹni tó wà létí àpáta jà, ṣùgbọ́n agbára tí eré sísá ń fún ẹlẹ́ṣin kò sí níbẹ̀. Orí òkè kò sí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá.

Bí a ṣe tún ìyẹn ṣe tán ni òmíràn yọjú. Ẹni tó wà lórí àpáta kò ní ìdí kankan láti sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Àwọn ẹlẹ́ṣin á tò sí ìdí òkè, àwọn ará ìlú á jókòó sókè, àyípo á máa tẹ̀lé àyípo, géèmù kò ní lọ síwájú kò ní lọ sẹ́yìn. Kí ló dé tí èyí kì í fi í ṣẹlẹ̀ lórí tábìlì? Ìwé kékeré yẹn ló dá mi lóhùn. Ní ọ̀pọ̀ ojú ewé rẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n ti sọ pé, “Omi yín ti ń tán o.” Kò sí òfin omi nínú ìwé òfin wa. Wọ́n kàn ń sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá rí i pé ẹnì kan ti jókòó pẹ́ jù, gbogbo wa sì ń gbà. Nínú géèmù, ó ti di òfin tó ní nọ́ńbà báyìí: ìlú orí òkè ní omi àyípo 6. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀wọ́ ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan tó wà lókè á máa pàdánù agbára 1 ní àyípo kọ̀ọ̀kan, àfi tí ẹnì kan bá sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò, tó sì padà gòkè láàyè. Ìrìn àjò lọ sódò lóru ti wá di apá tí mo fẹ́ràn jù nínú géèmù yìí.

Dáìsì

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n gbàgbé dáìsì, pé kọ̀ǹpútà lè mú nọ́ńbà láti 1 dé 100, kí ló dé tí mo tún ń ya ihò sára igun mẹ́rin. Mo kọ̀, mo sì fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ dáadáa.

Ọ̀nà 36 ni dáìsì méjì lè gbà balẹ̀. 7 ní ọ̀nà 6, 12 ní ẹyọ kan. Ẹni tó bá wà lórí òkè ń fi 1 kún tirẹ̀. Tí o bá nílò 8 kí o tó borí, ọ̀nà 15 nínú 36 ló wà fún ọ. Tí òkè bá ràn ọ́ lọ́wọ́, 7 ti tó, ó sì di 21. Òkè fún ọ ní ọ̀nà 6. Tó bá jẹ́ 11 lo nílò, ọ̀nà 3 ló wà. Òkè á sọ ọ́ di 6. Ọ̀nà 3 péré ló fi kún un. Òkè kan náà ni o. Ó ń gbe ẹni tí agbára òun àti ọ̀tá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ju bó ṣe ń gbe ẹni tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa tán lọ. Tí a bá lo nọ́ńbà 1 dé 100, àfikún kan á máa wúwo bákan náà níbi gbogbo, ogun á sì yàtọ̀ sí èyí tí a mọ̀. Ẹni tó bá yí dáìsì géèmù padà ti yí géèmù náà padà, bó tilẹ̀ fi gbogbo òfin yòókù sílẹ̀ bó ṣe wà.

Mi ò gbé ìdá nínú ọgọ́rùn-ún sójú fóònù. Ohun tó ń hàn ni àwọn ìdí: orí òkè, 1, wọ́n ti ẹ̀yìn kọlù ú, 2, àárẹ̀ ti mú un, ó dín 1. Dáìsì méjì á wá yí lójú rẹ kedere, wàá rí ojú tí wọ́n fi balẹ̀. Èèyàn tó bá rí “42 nínú 100” á máa bá nọ́ńbà ṣeré. Èyí tó bá rí “orí òkè, 1” á máa wá òkè. Òkè ni mo fẹ́ kó wá.

Ohun méjì ló tún kù níbi dáìsì. Tí ẹnì kan bá fi géèmù pamọ́ kó tó jà, tó fìdí rẹmi, tó sì ṣí i padà, dáìsì kan náà ló gbọ́dọ̀ bá. Nínú Godot, ẹ̀rọ tó ń mú nọ́ńbà ní ipò tí a lè kọ sílẹ̀, mo sì ń kọ ipò yẹn mọ́ géèmù tí a fi pamọ́. Èkejì ni ìfọkàntán. Lórí tábìlì, gbogbo wa ń gbọ́ ìró dáìsì nínú abọ́ páànù. Kò sí ẹni tó lè sọ pé wọ́n yan òun jẹ. Lójú fóònù, tí 3 bá tẹ̀lé 3, wọ́n á ní kọ̀ǹpútà ń ṣègbè. Torí náà gbogbo dáìsì tí a ti ju láti ìbẹ̀rẹ̀ ni géèmù ń tò síbi kan tí ẹnikẹ́ni lè ṣí wò. Láti ìgbà tí mo ti fi èyí sí i ni àríyànjiyàn yẹn ti rọlẹ̀.

Dáìsì àṣẹ kò fún mi níṣẹ́ púpọ̀. Ọ̀dọ̀ DBA, òfin ogun orí tábìlì tó jáde ní 1990, la ti yá èrò yẹn: kí àyípo rẹ tó bẹ̀rẹ̀, ju dáìsì kan, iye tó bá mú ni iye ọ̀wọ́ ọmọ ogun tí o lè gbé. Bó ṣe wà lórí tábìlì náà ló wà nínú kóòdù.

Ibùba, àti ọ̀rọ̀ “mo fẹ́ dá a padà”

Ẹni tó bá fẹ́ ba ní ibùba lórí tábìlì á kọ ibi tó wà sínú bébà, á fún Ẹ̀gbọ́n. Ìwọ̀nba ni bébà lè gbé. Níbí ni kọ̀ǹpútà ti ju tábìlì lọ pátápátá, mi ò sì ní bò ó. Nínú kóòdù, òtítọ́ kan wà, ìwòye méjì wà. Òtítọ́ ni ibi tí gbogbo ọmọ ogun wà. Ìwòye ni ohun tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ̀. Ojú fóònù kì í ya òtítọ́ láéláé, ìwòye ẹni tó kàn ló ń yà. Ọ̀tá tí kọ̀ǹpútà ń darí náà kò láṣẹ láti ka òtítọ́. Ohun tí ojú rẹ̀ bá rí ló lè fi pinnu. Kò gbọ́n púpọ̀, ó kàn ń fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní máàkì, á mú èyí tó ga jù, ṣùgbọ́n kì í yọjú wo ọwọ́ rẹ.

Síbẹ̀ ibùba ṣì ń tú láti ibì kan tí kò hàn. Àwọn ilé tó ń tàn yòò fún ẹlẹ́ṣin ń fo ilé kan ṣoṣo nínú igbó, láìsí ìdí. Ẹni tó bá lójú inú á mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀, torí ilé tí ẹnì kan bá wà nínú rẹ̀ kò ṣeé wọ̀. Òtítọ́ ni ìṣirò ìrìn ń kà. Mo yí i kó máa ka ìwòye: ilé yẹn á tàn bí àwọn yòókù, ẹlẹ́ṣin á gbéra, á rìn dé etí igbó, ibẹ̀ ni wọ́n á ti dìde sí i. Ìrìn rẹ̀ á dúró, ìjà á bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n rí èyí lójú fóònù, wọ́n pariwo, wọ́n ní kí n tún un ṣe kí àwọn tún rí i.

Dídá ìgbésẹ̀ padà so mọ́ ọn. Lórí tábìlì, tí ọwọ́ rẹ kò bá tíì kúrò lórí ọmọ ogun, o lè dá a padà. Nígbà míràn ọwọ́ ti kúrò, ṣùgbọ́n wọ́n á ṣojú àánú fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Nínú kóòdù, àṣẹ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ohun kan tí a kọ sílẹ̀: ta ló rìn, láti ibo, dé ibo, ibo ló kọjú sí. A lè ka ìwé yẹn láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú, kí gbogbo rẹ̀ padà síbi tó wà. Ààlà rẹ̀ ni ìmọ̀. Tí dáìsì bá ti balẹ̀, tàbí tí ohun tó fara sin bá ti hàn sí ọ, àtúnṣe tán. Ohun tí ojú ti rí, ojú ti rí i. Inú mi dùn pé òfin kan ṣoṣo yìí gba gbogbo ohun tí Ẹ̀gbọ́n ti ń dá lẹ́jọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà, yàtọ̀ sí ojú àánú. Ti ojú àánú, mo fi sí ètò géèmù: ẹni méjì tó fẹ́ ta lè jọ gbà pé kí ẹnì kan wọn lè dá ìgbésẹ̀ tó ti hàn padà.

Fóònù kan náà ni ẹni méjì ń gbé fún ara wọn. Láàárín àyípo méjì, ojú fóònù á ṣú, á kọ pé “Gbé e fún ẹnì kejì,” kí ẹni tó ń gbé e má bàa rí ibùba.

Ohun tó wà lọ́wọ́ báyìí

Ìran tí mo ń kọ lọ́wọ́ ni ti January 1897. Àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò àwọn òyìnbó, tí Goldie olórí rẹ̀ kó jọ, bíi 500, gbéra láti Lọ́kọ́ja pẹ̀lú ìbọn Maxim àti àgbá, wọ́n doríkọ Kàbà níbí, torí ibí ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun Tápà kan pàgọ́ sí. Kí wọ́n tó dé, àwọn Tápà ti kúrò. Bídà ni ìjà gan-an ti wáyé, ní ọjọ́ 26 àti 27 oṣù yẹn.

Lórí tábìlì, a kì í ta ìran Kàbà yìí, torí kí la fẹ́ ta níbi tí ọ̀tá ti lọ? Lójú fóònù, ó ṣeé ṣe. Ẹni tó ń darí ilé-iṣẹ́ náà kò mọ̀ bóyá ìlú ti ṣófo tàbí wọ́n ba dè é. Ẹni tó ń darí Tápà ló máa pinnu, ní ìkọ̀kọ̀, iye tó máa dúró àti iye tó máa lọ sí Bídà, iye tó bá sì lọ ló máa ní ní ìran tó tẹ̀lé e. Ẹ̀gbọ́n ní kí n fi àwọn ará Kàbà sí i gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ kẹta tó ní ìwòye tirẹ̀, torí àwọn ló mọ ẹni tó wà nínú ìlú àti ẹni tí kò sí. Kóòdù mi kò mọ̀ ju ẹgbẹ́ méjì lọ títí di ìsinsìnyí. Gbogbo ibi tí mo ti kọ “ẹnì kejì” sí ni mo ń ṣí báyìí, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, kí n sọ ọ́ di “àwọn yòókù”.